Bí Dátà Oṣù Kan Ṣe Lè Pé Oṣù

Ẹni tó bá ra dátà 1.5GB (bíi 1,500MB) fún ọgbọ̀n ọjọ́, nǹkan bíi 50MB péré ló ní láti ná lójúmọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán lẹ ń kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, 50MB ò ní tán láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá jẹ́ fídíò YouTube lẹ tẹ̀ ní 720p, ìyẹn ìwọ̀n tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó láti gbé e lọ tán.

Ní Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kó má ṣáà ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìgbà náà, owó tó ń ra dátà tẹ́lẹ̀ ò rà á mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ ju kí àwọn máa ra dátà tó pọ̀ sí i. Ọ̀nà àbáyọ wà. Púpọ̀ nínú dátà tó ń lọ kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ná. Fóònù ló ń ná an fúnra rẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́ ni pé dátà ò wọ́n ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni kí ẹ tún un tò.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń jẹ ẹ́

Ẹ má tíì pa ohunkóhun. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ tẹ SIMs, kí ẹ mú SIM tí dátà wà lórí rẹ̀; ẹ ó rí App data usage níbẹ̀. Lórí Tecno, Infinix àti itel, ó lè jẹ́ Data usage ni wọ́n pè é, ó sì lè wà níbòmíràn. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ "data" sínú àpótí ìwádìí tó wà lókè Settings, yóò gbé e jáde fún yín. Lórí iPhone, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Cellular tàbí Mobile Data, kí ẹ fà á lọ sísàlẹ̀.

Orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan ló máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye MB tó ti jẹ. Lórí Android, bí ẹ bá tẹ orúkọ kan, yóò pín in sí ọ̀nà méjì. Foreground ni èyí tó jẹ nígbà tí ẹ ṣí i tí ẹ ń lò ó. Background ni èyí tó jẹ nígbà tí ẹ ti gbé fóònù sílẹ̀. Iye kejì yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́ dáadáa. Bí Facebook bá jẹ 600MB, tí 550 nínú rẹ̀ sì wà ní Foreground, ẹ̀yin lẹ wo fídíò; ọ̀nà tí ẹ ń gbà wò ó ni ẹ ó yí padà. Ṣùgbọ́n bí Play Store bá jẹ 400MB tó sì jẹ́ pé Background ló kó èyí tó pọ̀ jù, àwọn áàpù inú fóònù ló ń fi dátà yín tún ara wọn ṣe. Oògùn méjèèjì ò jọra rárá.

Lórí iPhone, iye yìí kì í padà sí òdo fúnra rẹ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ ìnáwó ọdún méjì lẹ ń wò. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ra dátà tuntun, ẹ fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tẹ Reset Statistics.

Ẹ kọ orúkọ mẹ́ta tó jẹ jù sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, WhatsApp, áàpù fídíò kan àti Play Store ni.

Ẹ fi òpin sí i

Lórí Android, níbi kan náà tí App data usage wà, ẹ ó rí Data warning & limit. Ohun mẹ́ta ni ẹ máa tò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ìṣirò máa bẹ̀rẹ̀: ẹ fi sí ọjọ́ tí ẹ ra dátà, kó má jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù. Èkejì ni ìkìlọ̀: bí dátà yín bá jẹ́ 1.5GB, ẹ fi ìkìlọ̀ sí 1GB. Ẹ̀kẹta ni òpin fúnra rẹ̀: ẹ fi sí 1.4GB.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 1.5GB gan-an? Ìṣirò fóònù àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í bára mu délẹ̀, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí dátà bá tán tí mobile data ṣì wà ní títàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ìpè yín, iye tí wọ́n sì máa ń gbà lórí MB kan nígbà náà ga ju ti ẹni tó ra dátà lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni owó orí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ láì jẹ́ pé wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Òpin tí ẹ fi sí 1.4GB máa pa dátà kó tó débẹ̀. Tó bá sì pa á, ẹ lè fọwọ́ ara yín sún òpin náà síwájú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ *323# tí ẹ rí iye tó kù gan-an.

iPhone ò ní irú òpin yìí. Ohun tó ní ni Low Data Mode, tó wà lábẹ́ Cellular Data Options. Ẹ tàn án. Ẹ tún lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé Cellular náà, ẹ ó rí Wi-Fi Assist. Ẹ pa á, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bọ́ sórí dátà yín wọ́ọ́rọ́wọ́ bí Wi-Fi bá ti rọ̀ díẹ̀.

Data Saver ni ti Android, abẹ́ Network & internet ló wà. Ó máa ń dí ẹnu àwọn áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp lè máa pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ tẹ Unrestricted data, kí ẹ gba WhatsApp àti áàpù báńkì yín láyè, ó tán. Bí ẹ bá ń gba Facebook, TikTok àti àwọn yòókù láyè níbẹ̀, bí ẹni tí ò tan Data Saver rárá ni.

Àwọn kan máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó lọ gbé áàpù tó ń dá dátà sí wá láti Play Store. A ò fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ti wà nínú fóònù yín tẹ́lẹ̀, ìpolówó ọjà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé sójú fóònù sì ń jẹ dátà.

WhatsApp

Ibí ni ẹ ó ti rí èrè jù, torí náà ẹ fara balẹ̀.

Ẹ ka ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀: ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àjọ, ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ jọ jáde iléèwé, ti mọ̀lẹ́bí. Bí ìnáwó bá wà lọ́jọ́ Sátidé, òkú àgbà ni o, ìgbéyàwó ni o, fídíò ogún lè wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 8MB, 160MB ti lọ nìyẹn, ju dátà ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú 50MB yín, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ò tíì wo ẹyọ kan. Èèyàn mẹ́ta sì lè fi fídíò kan náà sí ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Storage and data. Lábẹ́ Media auto-download, ẹ tẹ When using mobile data, kí ẹ yọ àmì kúrò lójú Photos, Audio, Videos àti Documents. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún When roaming pẹ̀lú. Láti ìgbà náà lọ, àwòrán tó bá wọlé máa ṣú díẹ̀, a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Èrè rẹ̀ nìyẹn: ẹ ti rí iye tó máa ná yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Fídíò 14MB láti ọwọ́ ẹni tó ń fi àdúrà àárọ̀ ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì ṣe àmín. Rísíìtì owó iléèwé ọmọ, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ohùn tí wọ́n ká ránṣẹ́ ò sí nínú ètò yìí; fúnra rẹ̀ ló máa ń wọlé, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá a dúró. Ẹ má da ara yín láàmú lórí rẹ̀, ìṣẹ́jú kan rẹ̀ ò tó ìdajì MB.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọn ni Status. Bí ẹ bá tẹ ti ẹnì kan, WhatsApp á máa bá a lọ sí ti ẹni tó tẹ̀ lé e, fídíò lórí fídíò. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tí ẹ ò nílò ti rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ Mute. Onítọ̀hún ò ní mọ̀, kò sì ní sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá.

Ní ti ìpè, ìpè ohùn lórí WhatsApp máa ń jẹ bíi ìdajì MB ní ìṣẹ́jú kan, ti fídíò sì lè jẹ tó 5MB. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi 15MB bí ẹ bá fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ 150MB bí ẹ bá ń wo ojú ara yín. Ẹ fi fídíò kí ara yín ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, kí ẹ rí ọmọ-ọmọ, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì pa kámẹ́rà. Ẹ tún tan Use less data for calls, inú Storage and data kan náà ló wà.

Ó ku ohun méjì lórí WhatsApp. Ẹ wọ Chats, ẹ tẹ Chat backup, kí ẹ pa Back up using cellular àti Include videos. Ìpamọ́ tó ń lọ lóru lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB. Èkejì, ẹ fi Media upload quality sí Standard, torí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ náà ń jẹ dátà, HD sì wúwo ní ìlọ́po ìlọ́po. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo èyí ṣiṣẹ́, Network usage wà nínú Storage and data. Ẹ tẹ Reset níbẹ̀ lónìí, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan máa ń pa dátà ní alẹ́, wọ́n á ní àwọn ti dá a sí. Ó dá iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ dúró lóòótọ́ fún wákàtí yẹn, ṣùgbọ́n bí Media auto-download bá ṣì wà ní títàn, gbogbo fídíò tó ti tò jọ láti òru ló máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá tan dátà láàárọ̀.

Fídíò

Ìwọ̀n tí ẹ fi ń wo fídíò ló ń pinnu iye rẹ̀. Wákàtí kan YouTube ní 144p jẹ́ bíi 100MB tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ní 360p, bíi 300MB. Ní 480p, bíi 500MB. Ní 720p, ó ju 1GB lọ, 1080p sì lè jẹ 2GB tàbí kó lé. Lójú fóònù kékeré, 360p tó fún ìwàásù, ìròyìn àti ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni, 144p náà tó.

Wàhálà wà nínú Auto. Auto máa ń wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó, yóò sì mú ìwọ̀n tó ga jù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lè gbé. Nítorí náà, fídíò kan náà tó jẹ 100MB ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti fà tìkọ̀ lè jẹ 500MB ní àárín Adó-Èkìtì, láìjẹ́ pé ẹ yí ohunkóhun padà. Ẹni tó ti Ẹ̀fọ̀n tàbí abúlé ẹ̀gbẹ́ òkè wá sí Adó tó wá ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Adó ń jí dátà òun, èyí ló ń bá jà. Nínú YouTube, ẹ tẹ àwòrán yín, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Video quality preferences, kí ẹ mú Data saver fún mobile networks. Ẹ tún pa Autoplay, kí ẹ sì wá Playback in feeds, kí ẹ fi sí Off, kí fídíò má máa ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọjá lọ.

Facebook: Settings & privacy, Settings, Media, kí ẹ fi Autoplay sí Never. TikTok: Settings and privacy, Data Saver. TikTok le ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé bí ẹ ṣe ń wo ọ̀kan ló ti ń gbé èyí tó kàn wálẹ̀ sílẹ̀ dè yín. Èyí tí ẹ fò kọjá náà, ẹ ti sanwó rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé rédíò. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lọ ní 128kbps máa ń jẹ bíi 58MB ní wákàtí kan, ju ìpín ọjọ́ kan yín lọ. Bí fóònù yín bá ní FM, ìyẹn ò jẹ dátà kankan. Ẹ ti okùn gbígbọ́ bọ fóònù, torí òun ni fóònù ń lò bí eriali, kí ẹ sì wá ìkànnì Adó tí ẹ fẹ́ràn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀

Play Store: ẹ tẹ àwòrán yín, Settings, Network preferences, Auto-update apps, kí ẹ mú Don't auto-update apps. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fọwọ́ ara yín tún WhatsApp àti áàpù báńkì ṣe, torí ààbò. Google Photos: ẹ pa Backup lórí mobile data. Google Maps: bí ẹ bá ń rìn láàárín Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ìkọ̀lé léraléra, ẹ gbé máàpù agbègbè náà sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan nípasẹ̀ Offline maps, yóò máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Opera Mini máa ń fún ojú ìwé mọ́ra kó tó gbé e wá, ó dára fún kíka ìròyìn. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ báńkì.

Hotspot àti kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwòròkò, Ọ̀yẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́, ibí yìí ni dátà yín ń gbà lọ jù.

Lójú ọ̀pọ̀ áàpù, hotspot tí ọ̀rẹ́ ṣí fún yín, Wi-Fi ni. Gbogbo ohun tí ẹ ti tò pé "kó dúró di Wi-Fi" máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí dátà ẹlòmíì ní kété tí ẹ bá wọlé: ìpamọ́ fọ́tò, fídíò WhatsApp, àtúnṣe áàpù. MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi SIM pín Wi-Fi, náà ò yàtọ̀. Lórí Android, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi náà, ẹ wá Network usage, kí ẹ mú Treat as metered, kí fóònù lè mọ̀ pé dátà tí wọ́n ń sanwó fún ni. Lórí iPhone, ẹ tan Low Data Mode fún Wi-Fi yẹn nìkan.

Kọ̀ǹpútà ló burú jù. Bí Windows bá rí hotspot, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe wálẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, èyí tó lè ju 1GB lọ. GB méjì lè lọ kí ẹ tó tẹ ojú ìwé kan iṣẹ́ ìwádìí yín tán. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ properties hotspot yín, kí ẹ tan Metered connection. Bí ẹ bá yí orúkọ hotspot padà, Windows máa kà á sí tuntun, ẹ ó tún un tàn. Ẹ tún dá OneDrive dúró, òun ló ń gbé fáìlì inú kọ̀ǹpútà lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìpàdé orí Zoom tí gbogbo èèyàn tan kámẹ́rà lè jẹ láti 800MB lọ sókè ní wákàtí kan. Bí kò bá sí ojú ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ ohùn nìkan, kì í sábà kọjá 80MB. Ìwé PDF àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, kí ẹnì kan gbé e wálẹ̀, kí ó fi Quick Share pín in fún àwọn yòókù. Iṣẹ́ yìí ò jẹ dátà rárá.

Rírà

*312# ni ẹ ó tẹ̀ láti ra dátà, *323# láti wo iye tó kù, *310# láti wo owó ìpè. Àwọn nọ́ńbà yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà.

Dátà ọjọ́ kan máa ń dà bí ẹni pé ó pọ̀ lówó kékeré, ṣùgbọ́n wákàtí 24 ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ rà á nígbà tí ẹ bá ní fáìlì ńlá kan láti gbé wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró ṣinṣin, torí fáìlì tó bá já láàárín lè tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ẹni tó ń lọ oko láti àárọ̀ títí dalẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé, dátà ọjọ́ kan ò yẹ ẹ́ rárá. Ti oṣù ni kó rà. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò parí sílẹ̀. Bí ẹ bá rà á padà kó tó parí, èyí tó kù sábà máa ń kún ti tuntun. Bí wákàtí kan bá ti kọjá lórí rẹ̀, ó lè ti wọmi. Ẹ tún wò bóyá auto-renew wà lórí rẹ̀, kí owó ìpè yín má bàa di dátà tí ẹ ò bèèrè.

Fóònù oní-SIM méjì: ẹ wọ SIMs, kí ẹ wá Automatic data switching, kí ẹ pa á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì SIM kìíní bá rọ̀, fóònù máa bọ́ sórí èkejì tí kò ní dátà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ìpè rẹ̀.

Bí dátà bá ṣì ń pòórá

Ẹ kọ́kọ́ wo hotspot yín: ṣé ó ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, àwọn wo ló wà lórí rẹ̀ báyìí? Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ náà padà. Bó bá jẹ́ owó ìpè ló ń lọ, kì í ṣe dátà, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró, kí ẹ sì tẹ *305# láti yọ ara yín kúrò nínú ètò tí ẹ ò mọ ìgbà tí ẹ wọ̀ ọ́.

Bí kò bá jẹ́ méjèèjì, ẹ tẹ *323# ní alẹ́ kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ẹ pa dátà, kí ẹ tún tẹ *323# láàárọ̀ kí ẹ tó tàn án. Bí iye náà bá ti dín kù tí App data usage ò sì fi hàn pé ẹ lo ohunkóhun, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pe 300, ẹ ṣàlàyé, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀sùn náà.